Òkùnkùn Kọ́ Ló Ń Ba Ọmọ Lẹ́rù

Ní ọdún 1905, Sigmund Freud, dókítà kan ní ìlú Vienna, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ìfẹ́ ara láti kékeré títí dàgbà. Nísàlẹ̀ ojú-ewé kan, níbi tí lẹ́tà ti wẹ́ tí ojú ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í dé, ó fi ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan sí. Wọ́n ti tẹ́ ọmọ náà sùn, yàrá sì ti ṣókùnkùn. Ni ó bá ń ké pe àǹtí rẹ̀ láti inú yàrá pé kó bá òun sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń ba òun. Àǹtí fèsì pé kí ni ọ̀rọ̀ òun yóò ṣe fún un, nígbà tí kò kúkú ní í rí òun. Ọmọ ní bí ẹnìkan bá ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ a máa mọ́lẹ̀ sí i.

Freud tọ́jú ìdáhùn yìí pamọ́, ṣùgbọ́n ó lo ọdún 21 sí i kí ó tó mọ ohun tó rí he. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí lónìí kò pọ̀. Mo ní nínú gbogbo ohun tí àwọn onítúpalẹ̀-ọkàn, Freud àti àwọn tó tẹ̀lé e, sọ nípa bí ìwà ṣe ń gbó mọ́ ènìyàn lára, èyí tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn jù lọ ni èyí tí Freud gbà kẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó èyí tó kọ́kọ́ kọ́: pé àìbàlẹ̀ ọkàn kì í ṣe ìfẹ́ ara tó kan, ìkìlọ̀ ni, pé ohun àkọ́kọ́ tó ń kìlọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí a gbára lé fẹ́ lọ, àti pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìwà ènìyàn jẹ́ ọgbọ́n tó dá ní kékeré kí ó má baà máa gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Àwọn apá yòókù nínú ẹ̀kọ́ Freud, pàápàá ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó ń bẹ̀rù pé bàbá yóò gé nǹkan ọkùnrin òun, mo lè fi sílẹ̀ lónìí kí n sì sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tí à ń sọ. Angst ni Freud ń pè é ní èdè Jámánì. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní yunifásítì Vienna nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó tọ́ka sí i pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ohun tó há, ohun tó fún, bí èémí tí kò rí ọ̀nà gbà. Yorùbá náà mọ̀ pé inú ara ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbé: àyà wa ló ń já, ọkàn wa ni kò balẹ̀, ara wa ni kò rọlẹ̀. Ẹni tó rí ejò tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ̀rù ló bà á, a sì mọ ohun tó lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta jí lóru tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, tó wo yàrá yí ká tí kò rí nǹkan kan, tí a bi í pé kí ló dé tó ní òun ò mọ̀, ìṣòro tirẹ̀ gan-an ni Freud ń wá ìdí rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní àníyàn. Kò burú, àmọ́ àníyàn sábà máa ń lórúkọ: àníyàn owó ilé-ìwé, àníyàn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Èyí kò lórúkọ. Àìbàlẹ̀ ọkàn ni màá máa pè é.

Dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan ara ni Freud kó tó di ohun mìíràn, bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló sì ṣe kọ́kọ́ ronú. Ní 1895 ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn aláìsàn tí òógùn ń bò, tí ọkàn wọn ń sáré, tí òòyì ń kọ́, láìsí àrùn kankan tí a lè fọwọ́ kàn. Ó ní ìfẹ́ ara wọn tí kò rí ibi gbà jáde ló fà á. Ẹ wo ìkòkò tí a dé pinpin lórí iná: bí ooru kò bá rí ọ̀nà, ọmọrí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó fẹ èrò yìí lójú. Ìfẹ́ tí kò tọ́, tí ọkàn fúnra rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú má baà tì í, agbára rẹ̀ kì í kú. Yóò padà wá bí àìbàlẹ̀ ọkàn. Ó fi í wé wáìnì tó kan. Ẹni tó bá ti gbé ẹmu àná sẹ́nu mọ ohun tó ń sọ. Èyí túmọ̀ sí pé títẹ̀mọ́lẹ̀ ni ìyá, àìbàlẹ̀ ọkàn ni ọmọ. Ojú yìí ló sì fi wo ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta inú òkùnkùn: ọmọ náà nífẹ̀ẹ́ àǹtí rẹ̀, kò rí i, ìfẹ́ náà kan. Ó rí i kedere pé kì í ṣe òkùnkùn ló ń ba ọmọ lẹ́rù, pé àìrí àǹtí ni. Síbẹ̀ ìkòkò àti ooru ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọmọ mìíràn ló wá dán èrò náà wò. Herbert Graf lorúkọ rẹ̀. Hans ni Freud pè é nínú ìròyìn tó tẹ̀ jáde ní 1909. Bàbá rẹ̀, Max Graf, a máa kọ nípa orin sínú ìwé ìròyìn, ó sì máa ń bá Freud àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Ìyá rẹ̀ ti gba ìtọ́jú lọ́wọ́ Freud rí. Ilé wọn kọjú sí ibi tí àwọn aṣọ́bodè ń kó ẹrù sí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sì ń wọlé jáde níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908, nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ó kọ̀ láti jáde. Ó ní ẹṣin yóò bu òun jẹ. Ẹṣin tó wọ́ ẹrù wúwo ló ń já a láyà jù, àtèyí tó ní nǹkan dúdú yí ẹnu ká. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò ṣubú, nítorí ó ti rí ẹṣin kan tó ń fa ọkọ̀ èrò tó ṣubú lulẹ̀ tó ń ta ẹsẹ̀. Bàbá ń kọ gbogbo ohun tí ọmọ bá sọ sílẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sí Freud. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Freud fúnra rẹ̀ rí ọmọ náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé bàbá ni ẹṣin: ọmọ fẹ́ ìyá rẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan, ó fẹ́ kí bàbá kúrò lọ́nà, ó wá ń bẹ̀rù pé bàbá yóò fìyà jẹ òun, yóò gé e. Ọ̀rọ̀ gígé yìí náà kò ti ojú ọ̀run já bọ́, nítorí ìyá rẹ̀ ti halẹ̀ mọ́ ọn ní ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ pé òun yóò pe dókítà kó wá gé nǹkan náà bí kò bá jáwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ní 1960, Joseph Wolpe àti Stanley Rachman, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí méjì, tún ìròyìn yìí kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ní kò sí ẹṣin tó jẹ́ bàbá níbẹ̀. Ọmọ rí ẹṣin tó ṣubú, jìnnìjìnnì bò ó, ẹ̀rù náà sì ràn mọ́ ẹṣin mìíràn àti kẹ̀kẹ́ àti òde, bí ti ìkókó tí John Watson kọ́ ní Amẹ́ríkà láti máa bẹ̀rù eku funfun, nípa fífi òòlù lu irin gbàǹgbà lẹ́yìn rẹ̀ nígbàkúgbà tí eku bá yọ. Mo gba púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Bàbá tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè tí ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀, tó sì ń fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń retí rẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ilé ẹjọ́ yóò gbọ́kàn lé. Bí ẹjọ́ Freud bá jẹ́ pé ẹṣin ni bàbá, ẹjọ́ náà ti ṣubú.

Àmọ́ àwọn méjèèjì fo nǹkan kan, Freud náà sì fò ó. Kí ọ̀rọ̀ ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọmọ náà ti jí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹkún, ó ní lójú oorun òun rò pé ìyá òun ti lọ, òun kò sì ní ìyá tí òun yóò dì mọ́ mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn ó gun orí ibùsùn bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ó ní bí bàbá bá jáde, ẹ̀rù a máa ba òun pé kò ní padà wálé. Bàbá bi í bóyá òun ti fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ ọn rí. Ọmọ ní kì í ṣe bàbá, màmá ni. Màmá ti sọ fún òun pé òun kò ní padà wá. Inú ìròyìn Freud fúnra rẹ̀ ni èyí wà, ẹnikẹ́ni kò wá a lọ sí ibòmíràn. John Bowlby, onítúpalẹ̀-ọkàn ará Ìlú Ọba, ló tọ́ka sí i ní 1973, ìyẹn ọdún 64 lẹ́yìn tí ìròyìn náà jáde. Ẹṣin tó ṣubú já ọmọ náà láyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ìyá lè lọ kó má padà, ẹṣin mélòó ló kù kí ó tó kọ̀ láti fi ilé sílẹ̀? Ilé ni ìyá wà. Bí òun bá jáde, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? (Ọmọ náà kò yàwèrè, ẹ má dààmú nítorí rẹ̀. Ó dàgbà, ó di olùdarí eré olórin ní Metropolitan Opera ní New York. Nígbà tó lọ kí Freud ní 1922, ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, kò sì rántí ohun kan nínú gbogbo rẹ̀.)

Freud ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Jẹjẹrẹ ti mú un ní ẹnu láti 1923. Otto Rank, ọ̀kan nínú àwọn tó sún mọ́ ọn jù, ti kọ ìwé ní 1924 pé ìrora ìbí ni orísun gbogbo àìbàlẹ̀ ọkàn. Freud fẹ́ dá a lóhùn, ìdáhùn náà sì di ìwé tó jáde ní 1926. Ibẹ̀ ló ti padà sí ọ̀rọ̀ Hans, tó sì jẹ́wọ́ pé òun gbé ẹṣin sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe títẹ̀mọ́lẹ̀ ló bí àìbàlẹ̀ ọkàn; àìbàlẹ̀ ọkàn ló ń mú kí a tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Inú ènìyàn ń tọ́ ewu wò díẹ̀, bí ẹni fi ìka kan omi gbígbóná, kí ó lè mọ̀ bóyá kí ó sá. Ewu wo? Ó tò ó bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Fún ìkókó, ewu ni pé ìyá kò sí nítòsí. Nígbà tí ọmọ bá mọ̀ pé ìyá tó jáde yóò wọlé, ewu á yí padà: ìyá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè má fẹ́ràn òun mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀rọ̀ gígé sí i, nítorí kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, òbí tó ń bá ni wí á wọ inú ẹni lọ, á di adájọ́ tí kò sí ibi tí a lè sá gbà fún un. Ẹ̀rù tuntun kò lé ti àtijọ́ lọ. Ẹ wo àgbàlagbà onímọ̀ tí ọ̀gá ránṣẹ́ pè láìsọ ìdí. Kò jalè, iṣẹ́ rẹ̀ pé, síbẹ̀ itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun kúrò níbi iṣẹ́. Ọgbọ́n orí lèyí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìbẹ̀rù náà ju ìwọ̀n ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yẹn ni Freud ní ká lọ wá orísun rẹ̀ sí ìgbà tí ojú ìyá tó fà ro jẹ́ òpin ayé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìwà ti wọlé. Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà sọ ohun tí ojú rí. Kò sọ ibi tó ti wá. Ní 1936, Anna Freud, ọmọbìnrin Freud tó kẹ́yìn, kọ ìwé lórí àwọn ọgbọ́n tí ọkàn fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àìbàlẹ̀: ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ pé òun ń bínú yóò di ẹni pẹ̀lẹ́ jọjọ, ẹni tí ìkórìíra wà nínú rẹ̀ yóò gbà pé àwọn ẹlòmíràn ló kórìíra òun, ọmọ tí wọ́n dẹ́rù bà yóò fi ara rẹ̀ ṣe adẹ́rùbani. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Karen Horney, ará Jámánì tó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, pa ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ara tì pátápátá. Ó ní ìpìlẹ̀ àìbàlẹ̀ ọkàn ni kí ọmọ rí ara rẹ̀ bí ẹni kékeré kan ṣoṣo nínú ayé tí kò fẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà yè é. Ó lè máa sún mọ́ ènìyàn: ẹ ti rí ẹni tí kò lè sọ pé rárá, tó ń ṣe ọ̀yàyà sí ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ, tó máa ń tọrọ àforíjì kí a tó mọ̀ pé ó ṣẹ̀. Ó lè máa kọlu ènìyàn: gbogbo ilé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó lè jókòó. Tàbí kó takété: kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó ń dá jẹun, ó ń dá ṣàìsàn, bí ẹ bá fún un lẹ́bùn, ara á ni ín. Ohun tí a máa ń sọ nípa irú àwọn wọ̀nyí ni pé ìwà wọn nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Onítúpalẹ̀-ọkàn ní kò tí ì parí. Ìwà yẹn ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe rí. Nígbà kan, nínú ilé kan, ó gba ọmọ kan sílẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ilé ọ̀hún kò sí mọ́, iṣẹ́ náà kò sì dáwọ́ dúró.

Títí di ìgbà tí mo bá a dé yìí, ẹlẹ́jọ́ lè ní ìtàn dídùn ni mò ń sọ. Ẹ̀rí tòótọ́ dé nígbà ogun. Ìdílé Freud ti sá kúrò ní Vienna ní 1938 nígbà tí Hitler gba ilẹ̀ Ọ́sítríà. Freud kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án 1939. Ọdún tó tẹ̀lé e ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí ìlú náà ní alẹ́ alẹ́. Anna Freud àti Dorothy Burlingham, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ sí Hampstead níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ogun tú ilé wọn ká, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ọmọ tó wà lábẹ́ apá ìyá rẹ̀, bí ìyá náà kò bá ti bara jẹ́, a máa sùn nígbà tí ilé àdúgbò ń wó. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí oko níbi tí bọ́ǹbù kò lè dé, tí wọ́n sì fi ìyá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló ń tọ̀ sílé, tó ń dákẹ́, tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ń pòórá lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n pín àwọn ọmọ sí agbo kéékèèké, agbo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ tiwọn. Ariwo ló kọ́kọ́ sọ: owú, ẹkún, jíjáni jẹ, ìdìmọ́ni tí kò fẹ́ tú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ tó ti dúró gbagidi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún ń dàgbà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń koná fún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, James Robertson. Òun ló padà bá Bowlby ṣiṣẹ́, tó sì gbé kámẹ́rà wọ ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù láti ya ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì àti oṣù márùn-ún, tí yóò lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìdodo. Lásìkò yẹn, ìwọ̀nba ni ilé ìwòsàn ń jẹ́ kí òbí wá wo ọmọ. Wọ́n ní ṣe ni òbí ń dá ẹkún sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹkún nìkan ló ṣà jọ, wákàtí kan náà ni Robertson ń yàwòrán lójoojúmọ́, aago ara ògiri sì hàn níbẹ̀. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sunkún. Ó di aṣọ àti bẹ́à rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ le, ó ń bèèrè ìyá rẹ̀ ní ohùn kékeré láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ìyá dé, ó yíjú kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ pátá, ó kọ̀, kò fún ìyá lọ́wọ́ dì mú. Nígbà tí a fi fíìmù náà han àwọn dókítà ní 1952, ọ̀pọ̀ wọn fárí gá, wọ́n ní ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ìdí rẹ̀ yé mi. Ọmọ tó dákẹ́ ni ọmọ rere lójú nọ́ọ̀sì. Robertson wá fi hàn wọ́n pé dídákẹ́ yẹn gan-an ni àrùn. Ní 1959, ìgbìmọ̀ tí Sir Harry Platt darí dámọ̀ràn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa wọlé wá wo ọmọ. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ti ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí abúlé tó yí Aro ká ní Abẹ́òkúta, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán, wá bá a gbé. Lambo kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Freud. Ohun tó mọ̀ nípa ìdílé tó bí i ló lò.

Ẹnìkan yóò ní ebi ni ọmọ ń bẹ̀rù, pé oúnjẹ ló mú kó fẹ́ ìyá. Freud fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Harry Harlow fún ọmọ ọ̀bọ ní ìyá wáyà tó ń fún un ní mílíìkì àti ìyá aṣọ tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ìyá aṣọ ni àwọn ọmọ ọ̀bọ ń dì mọ́. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Àtakò tó le jù ti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ilẹ̀ mìíràn wá. Bronisław Malinowski gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand, ó sì kọ ní 1927 pé níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá lọ́kùnrin ló ń bá ọmọ wí, bàbá kàn jẹ́ ọ̀rẹ́ ni. Nítorí náà ẹ̀rù bàbá tí Freud sọ pé ó wà nínú gbogbo ènìyàn, ti Vienna ni. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì wà lára ìdí tí mo fi kó ọ̀rọ̀ gígé dànù láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ọfà náà kò dé ibi tí mo dúró sí. Ẹni tó fẹ́ bá mi jà yóò béèrè ohun mìíràn: ní ilẹ̀ tí ìyá àgbà, ìyàwó bàbá àti ẹ̀gbọ́n ti jọ ń gbé ọmọ pọ̀n, ṣé lílọ ìyá kan á tó nǹkan? Mary Ainsworth lọ wo èyí ní Ùgáńdà ní 1954 àti 1955, ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala, láàárín ìdílé 26, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ wà nínú ilé. Ó rí ọmọ tó ń rá kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá, tó bojú wẹ̀yìn, tó tún rá lọ síwájú; ọmọ tó bú sẹ́kún bí ìyá bá yọ́ jáde. Ó tún rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹlòmíràn pẹ̀lú ìyá tí ọkàn wọn rọ̀ mọ́. Iye ènìyàn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú agbo ilé, àárín ọwọ́ tó mọ̀ ló wà; ẹ gbé e fún àlejò kí ẹ sì kọjá sẹ́yìn ilé, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Bowlby tẹnu mọ́ ìyá kan ṣoṣo ju bó ti yẹ lọ nínú ìròyìn tó kọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951, àwọn kan sì fi í lé obìnrin padà sínú ilé. Àṣìṣe nìyẹn. Bí a bá ka ẹ̀rí náà dáadáa, kì í ṣe ìyá ló wà ní ibi ìjẹ́jọ́: ogun ló gbé àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lọ, òfin ilé ìwòsàn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ọmọ inú fíìmù.

Àwọn mìíràn ní bí a ṣe bíni ni. Jerome Kagan ní Harvard fi hàn pé láti ọmọ oṣù mẹ́rin, àwọn ìkókó kan ti máa ń ta ẹsẹ̀ ta apá, tí wọ́n ń ké bí wọ́n bá rí ohun tuntun, nígbà tí àwọn yòókù kàn ń wò ó, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ké sì máa ń dàgbà di onítìjú, ẹni tí nǹkan tètè ń bà lẹ́rù. Mo gbà á láìyọ ọ̀kan. Ó sọ bí agogo ṣe ń dún kíkan tó nínú ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ohun tí agogo ń dún fún ni mò ń wá. Ní ti Karl Popper, amòye tó ní ẹ̀kọ́ Freud kò ṣeé dá lẹ́bi nítorí pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń tì í lẹ́yìn, ó jàre lórí ẹṣin àti bàbá: bí ọmọ bá nífẹ̀ẹ́ bàbá, Freud jàre, bí ó bá kórìíra rẹ̀, Freud tún jàre. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn ọmọ tó lọ sí oko láìsí ìyá ló sùn jẹ́ẹ́, tí àwọn tó wà lábẹ́ bọ́ǹbù pẹ̀lú ìyá ló ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu, èrò tí mo gbé wá yìí ì bá ti kú ní Hampstead. Wọ́n dán an wò lójú ayé, kò kú.

Ó ku ọmọ kan. Ní 1915, Freud lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé Sophie, ọmọbìnrin rẹ̀, ní Hamburg. Ernst, ọmọ Sophie, jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sunkún bí ìyá rẹ̀ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ó ní igi róbótó kan, irú èyí tí wọ́n ń ká òwú ìránṣọ sí, tí wọ́n so okùn mọ́. Yóò di okùn mú, yóò sọ igi náà kọjá etí ibùsùn rẹ̀ tí aṣọ ta bò, igi yóò pòórá, ọmọ yóò ní “o-o-o-o”, èyí tí ìyá rẹ̀ àti bàbá àgbà gbà pé “ó ti lọ” ló ń gbìyànjú láti pè. Yóò fa okùn, igi yóò yọjú, yóò fi ayọ̀ kí i pé ó dé. Lílọ náà ló sì ń ṣe lemọ́lemọ́ ju dídé lọ. Freud ń wò ó, ó ń ronú ìdí tí ọmọ yóò fi máa fi ohun tó ń dùn ún ṣeré. Ọ̀kan nínú èrò tó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń rán ni lọ. Èmi rí i pé Horney ì bá ti mọ ọmọ náà láàárín ogójì ènìyàn. Àìsàn ọ̀fìnkìn burúkú pa Sophie ní oṣù kìn-ín-ní 1920, kí Ernst tó pé ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà dàgbà, ó di onítúpalẹ̀-ọkàn, ó ń jẹ́ W. Ernest Freud, ó sì kú ní 2008. Ibi tó yàn láti ṣiṣẹ́ nígbà tó di àgbà ni wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, níbi tí ìkókó ti ń dá sùn nínú àpótí gíláàsì láàárín ẹ̀rọ, ohun tó sì ń bá àwọn dókítà fà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ọmọ wọlé, kó sún mọ́ ọn.